Àmì inú ẹ̀jẹ̀ tó ń fi hàn pé ọkàn ọmọ tuntun ti fara pa nítorí àìtó ọ́síjìn

Tí ọ́síjìn ò bá tó ọmọ nígbà ìrọbí tàbí kété tí wọ́n bí i, ọpọlọ ẹ̀ ni gbogbo èèyàn máa ń kọ́kọ́ bẹ̀rù fún, ẹ̀rù yẹn sì tọ́, àmọ́ ọkàn náà máa ń fara gbá nínú ẹ̀. Ó lè jẹ́ pé okùn ìwọ́ ló yọ síta ṣáájú ọmọ, tàbí ibi ọmọ ló já kúrò kí wọ́n tó bí i, tàbí ilé ọmọ ló ya. Ara ọmọ á kọ́kọ́ dọ́gbọ́n sí i, á dín ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí awọ, ìfun àti kíndìnrín kù, á máa darí ẹ̀ sí ọpọlọ àti ọkàn, ṣùgbọ́n tó bá ti pẹ́ jù, ọgbọ́n yẹn ò ní gbé e mọ́, iṣan ọkàn á bẹ̀rẹ̀ sí kú. Àwọn iṣan kéékèèké tó di fáàfù ọkàn mú wà lára àwọn tó tètè máa ń jìyà, ìdí nìyẹn tí fáàfù apá ọ̀tún kì í fi í pa dé dáadáa lára irú ọmọ bẹ́ẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ á máa ṣàn padà sẹ́yìn.

Sẹ́ẹ̀lì iṣan ọkàn tó bá ya máa ń da ohun tó wà nínú ẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀, èyí tí làbù lè wọ̀n. Tropónìn ló ṣe é gbọ́kàn lé jù. Purotéènì mẹ́ta ni, C, I àti T, àwọn ni wọ́n ń bá kálísíọ́ọ̀mù ṣiṣẹ́ kí iṣan lè fún kó sì dẹ̀, I àti T ti ọkàn sì yàtọ̀ sí ti iṣan apá àti ẹsẹ̀, òun ni dọ́kítà fi ń béèrè wọn. Láàárín wákàtí díẹ̀ ló máa ń bẹ̀rẹ̀ sí gòkè, ó sì lè pẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan kó tó wálẹ̀.

Ibi tí wàhálà wà ni pé wọn ò gbọ́dọ̀ fi òṣùwọ̀n àgbà ka ti ọmọ tuntun. Fún àgbàlagbà, 14 ng/L (nanogíráàmù nínú lítà ẹ̀jẹ̀ kan) ni ààlà tí wọ́n máa ń lò fún àyẹ̀wò tropónìn T tuntun, èyí tó lè rí ìwọ̀n tó kéré gan-an, bẹ́ẹ̀ ọmọ tuntun tó lera, tó ké, tó ń mu ọmú, máa ń kọjá ibẹ̀ dáadáa láìsí nǹkan kan tó ṣe é, ti ọmọ tí oṣù ẹ̀ ò pé náà sì lè ga. Kíndìnrín tí àìtó ọ́síjìn ti bà jẹ́ tún lè mú kó pẹ́ lára. Ọmọ tí ọjọ́ orí wọn jọra, tí wọ́n sì fi irú ẹ̀rọ kan náà yẹ̀ wò, ló yẹ kí wọ́n fi wé.

Àyẹ̀wò CK-MB, ẹ́ńsáìmù kan tó wà nínú iṣan ọkàn, ti wà tipẹ́, àmọ́ ó máa ń tan èèyàn jẹ, torí iṣan ara ọmọ tuntun náà ní in, ìrọbí tó le sì lè gbé e sókè láìjẹ́ pé ọkàn ní nǹkan kan. LDH, ẹ́ńsáìmù mìíràn, ò tún wá dá ọkàn mọ̀ rárá, ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ pupa pàápàá ń tú u jáde. Ní ti BNP, họ́mọ́ọ̀nù tí ọkàn máa ń tú jáde, kì í ṣe ikú sẹ́ẹ̀lì ló ń sọ, ó ń sọ pé ọkàn ń fẹ̀ torí ẹrù tó pọ̀ lọ́rùn ẹ̀, ó sì máa ń ga lára gbogbo ọmọ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kó tó wálẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Bí àìsàn ọpọlọ tó tẹ̀lé àìtó ọ́síjìn bá ṣe le tó, tí wọ́n ń fi ìpele tí àwọn dọ́kítà méjì, Sarnat àti Sarnat, gbé jáde lọ́dún 1976 wọ̀n, ni tropónìn sábà máa ń ga tó. Síbẹ̀ kì í ṣe òun ni wọ́n fi ń pinnu ẹni tí wọ́n máa mú ara ẹ̀ tutù dé ìwọ̀n 33 sí 34 lórí Celsius fún wákàtí 72, ìtọ́jú tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí 6 tó pé lẹ́yìn ìbí. pH ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ (bí ásíìdì inú ẹ̀ ṣe pọ̀ tó), máàkì Apgar tí wọ́n fún ọmọ kété tí wọ́n bí i, àti bí ọmọ ṣe ń ṣe ni wọ́n ń wò fún ìyẹn. Tropónìn ò sì lè rọ́pò ẹ́kò, ìyẹn àwòrán ọkàn tí wọ́n fi ìró yà, tó máa fi bí ọkàn ṣe ń fún ẹ̀jẹ̀ jáde hàn.

Gbígba ẹ̀jẹ̀ náà gba sùúrù. Gbogbo ẹ̀jẹ̀ tó wà lára ọmọ tó wọn kílò 3 ò ju nǹkan bíi 250 mL lọ, wọn ò lè máa fà á léraléra. Tí wọ́n bá gún gìgísẹ̀, tí wọ́n wá ń fún un mọ́lẹ̀, ẹ̀jẹ̀ pupa á fọ́, èsì LDH á bà jẹ́, àwọn ẹ̀rọ kan á sì ka tropónìn náà gbòdì. Àsìkò náà ṣe pàtàkì, torí èyí tí wọ́n gbà lára ìwọ́ lójú ẹsẹ̀ lè dà bíi pé kò sí nǹkan, nígbà tí ohun tó ń jò láti inú ọkàn ò tíì dé inú ẹ̀jẹ̀ tán, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń tún un yẹ̀ wò láàárín wákàtí 12 sí 24.