Ní Google, Ẹni Tó Ń Béèrè Ìbéèrè Kọ́ Ló Ń Gbani Síṣẹ́

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń wá iṣẹ́ ẹnjiníà sọ́fíwíà ní Google ló gbà pé bí inú ẹni tó fọ̀rọ̀ wá àwọn lẹ́nu wò bá ti dùn, iṣẹ́ ti bọ́ sí i nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ onítọ̀hún ni kó béèrè, kó tẹ́tí, kó sì kọ ohun tó rí sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ kan tí kò fojú kan olùwáṣẹ́ náà rí ló máa jókòó ti àkọsílẹ̀ yẹn, tí yóò sì sọ bóyá kí wọ́n gbà á. Ẹni tó bá mọ èyí ní láti yí bó ṣe ń múra padà.

Recruiter, ìyẹn òṣìṣẹ́ tó ń bá Google wá èèyàn síṣẹ́, ló máa ń kọ́kọ́ peni, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ kì í sì í gùn. Lẹ́yìn náà ni íntáfíù orí fóònù tàbí fídíò, nǹkan bí ìṣẹ́jú 45, níbi tí olùwáṣẹ́ ti ń kọ kóòdù sójú ìwé kan tí òun àti ẹnjiníà Google jọ ń wò. Bí ìyẹn bá yọrí, ó ku íntáfíù bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún, ẹnjiníà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sì ń ṣe wọ́n. Tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, kó tó di pé ìwádìí ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ fi hàn pé mẹ́rin ti tó láti mọ ẹni tó yẹ, pẹ̀lú ìdánilójú tó tó 86 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní 2025, Sundar Pichai tó jẹ́ ọ̀gá àgbà wọn sọ pé ó kéré tán, ìpele kan yóò jẹ́ ojúkojú, nítorí àwọn tó ń fi AI dáhùn ìbéèrè láti ilé.

Ẹ jẹ́ ká wo ìbéèrè kan tó wọ́pọ̀. Nọ́ńbà 100,000 nìyí, ẹ wá méjì tí àròpọ̀ wọn jẹ́ 50. Ohun tó kọ́kọ́ ń sọ síni lọ́kàn ni kí a mú nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, kí a máa rò ó pọ̀ mọ́ gbogbo àwọn yòókù. Ìyẹn lè gbà tó ìṣirò bílíọ̀nù 5. Ọ̀nà tó yá ni kí a máa tọ́jú nọ́ńbà tí a ti rí sínú hash table, ìyẹn ibi ìpamọ́ tí kọ̀ǹpútà ti lè mọ̀ lójú ẹsẹ̀ bóyá nọ́ńbà kan wà níbẹ̀. Bí a bá dé orí 18, a ó wò ó bóyá 32 ti wà níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la máa ka nọ́ńbà náà já.

Bí olùwáṣẹ́ bá kọ ọ̀nà kejì yìí kalẹ̀ láìlanu, kí ni ẹnjiníà yẹn fẹ́ kọ sílẹ̀? Pé ó yanjú ìbéèrè náà. Bóyá ó ti há a sórí tẹ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀. Ṣùgbọ́n ká ní ó kọ́kọ́ béèrè bóyá nọ́ńbà kan lè wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tó sọ ọ̀nà tó falẹ̀ àti ìdí tó fi falẹ̀, tó ní èyí tó yá yóò gba àyè púpọ̀ sí i nínú mẹ́mọ́rì, tó sì fi nọ́ńbà mẹ́rin péré dán kóòdù rẹ̀ wò, gbogbo rẹ̀ ló máa wọ àkọsílẹ̀. Sísọ̀rọ̀ báyìí máa ń ṣòro fún èèyàn, torí ọ̀pọ̀ nínú wa ni wọ́n tọ́ dàgbà pé ọmọ kì í sọ̀rọ̀ jù níwájú àgbà. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó jẹ́ ìwà ọmọlúàbí nílé kì í hàn nínú ìwé tí ìgbìmọ̀ ń kà.

Ẹnjiníà náà sì lè ju àbá síni. Bó bá ní, “Ṣé kò dà bíi pé nọ́ńbà kan náà lò ń kà léraléra?”, ààbọ̀ ọ̀rọ̀ nìyẹn, kí olùwáṣẹ́ tètè sọ ọ́ di odindi. Kì í ṣe ìbáwí. Bí èèyàn ṣe gba àbá náà wà lára ohun tí wọ́n ń wò.

Ọ̀kan nínú àwọn íntáfíù náà máa ń dá lórí bí èèyàn ṣe ń bá ẹlòmíì ṣiṣẹ́. Àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà yóò tún ṣàlàyé bí wọ́n ṣe máa kọ́ ètò ńlá tí ogunlọ́gọ̀ èèyàn ń lò lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìgbìmọ̀ lè gbani, kí wọ́n sì fini sí ìpele tó rẹlẹ̀ ju èyí tí èèyàn ń retí lọ, bíi L4 dípò L5, owó oṣù á sì tẹ̀ lé e. Lọ́pọ̀ ìgbà, ó tún ku kí ọ̀gá ẹ̀ka kan sọ pé òun fẹ́ onítọ̀hún. Bí kò bá tíì sí ẹ̀ka tó mú un, kò tíì rí ìwé ìgbanisíṣẹ́ gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti yege nínú gbogbo íntáfíù.