Kóńgò olùkọ́ ní Kẹ́ńyà

Àwọn èèyàn fẹ́ràn láti máa sọ pé Kẹ́ńyà ti pa ìdánwò rẹ́. Irọ́ ni. KCPE ni wọ́n pa rẹ́, èyí tí àwọn ọmọ kíláàsì kẹjọ ń ṣe láti 1985, tí wọ́n ṣe kẹ́yìn ní 2023.

Ètò tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í ka máàkì ọmọ láti kíláàsì kẹrin. Nínú 100, iṣẹ́ kíláàsì kẹrin ní 20, karùn-ún ní 20, kẹfà ní 20. KPSEA, ìdánwò ìparí kíláàsì kẹfà, ló ni 40 tó kù.

Olùkọ́ kọ́ ló ń ronú ìbéèrè iṣẹ́ kíláàsì yìí, ọgbọ́n gidi sì nìyẹn. KNEC, àjọ onídàánwò, ló ń gbé e sórí ìkànnì rẹ̀. Olùkọ́ á tẹ̀ ẹ́ jáde, á fún àwọn ọmọ ṣe, á wo ìlànà KNEC, á fún olúkúlùkù ní 1 sí 4, á sì fi máàkì ránṣẹ́ padà.

Ẹni tó bá ti ra ìrẹsì lọ́jà ti mọ ibi tí wàhálà wà. Kóńgò kan náà ni gbogbo ọjà ń lò, ọwọ́ tó ń wọn ìrẹsì ló yàtọ̀. Ìyá kan á bù ú kún gègèrè, èkejì á fi àtẹ́lẹwọ́ gbá orí rẹ̀ kúrò. Oníbàárà tó ti pẹ́ á gba èènì, olùkọ́ tó sì mọ ọmọ, tó mọ ìyá ọmọ, èènì ò jìnnà sọ́wọ́ rẹ̀. (Ẹni tó bá ti rí CA Nàìjíríà tí gbogbo kíláàsì gba 36 sí 39 nínú 40 kò nílò àlàyé.) Kóńgò tí wọ́n lu ìdí rẹ̀ wọnú náà ńkọ́? Ìyẹn ni ọmọ tí wọ́n ti kọ́ ní ìdáhùn lánàá: máàkì rẹ̀ kún dẹ́nu, ohun tó wà nínú rẹ̀ ò tó. Nọ́ńbà ló ń dé ọ̀dọ̀ KNEC, ọwọ́ ò bá a dé.

Èyí kò tíì dá ìjà sílẹ̀ ní kíláàsì keje, torí gbogbo ọmọ ni ìjọba fẹ́ kó kọjá, inú ọgbà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ti wà tẹ́lẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ń bá a lọ. Kíláàsì kẹwàá ni wọ́n ti ń du àyè iléèwé ńláńlá. Wo bí wọ́n ṣe pín in níbẹ̀: KJSEA, ìdánwò kíláàsì kẹsàn-án tó bẹ̀rẹ̀ ní 2025, gba 60, KPSEA gba 20. Iṣẹ́ tí olùkọ́ fúnra rẹ̀ wọ̀n ní kíláàsì keje àti kẹjọ, 20 péré.