Ta ló júwe ọgbà ilá yín fún kòkòrò?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yìnkùlé wa ní Àkóbọ̀ ni mo gbin ilá sí, inú àpò sìmẹ́ǹtì. Fẹ́ǹsì yí wa ká, kò sì sẹ́ni tó ń gbin ilá ládùúgbò. Kò tíì yọ ewé mẹ́rin tí àwọn kòkòrò pínníṣín kan ti lu ewé rẹ̀ bí asẹ́. Wọn ò fọwọ́ kan ewúro tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé ilá wà níbẹ̀?

Ìdáhùn: Òórùn ló mú wọn wá. Gbogbo ewé ló ń tú òórùn sáfẹ́fẹ́, bí imú tiwa ò tilẹ̀ gbọ́ ọ. Ìwo tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tó wà lórí kòkòrò ló fi ń gbọ́ òórùn. Bó bá ti gbọ́ èyí tó ń wá, á kọjú sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ bọ̀, á máa fò lọ. Tó bá súnmọ́ tòsí, ojú á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, á wá àwọ̀ ewé tútù. Bó bá bà tán, á tọ́ ewé náà wò. Ọ̀pọ̀ kòkòrò ló ń fi ẹsẹ̀ tọ́ nǹkan wò. Tí kì í bá ṣe oúnjẹ rẹ̀, á gbéra. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti bà lé ewúro yín náà, kí wọ́n má kàn jókòó.

Ìbéèrè: Kí ló dé tó jẹ́ ewé kan péré ni wọ́n ń wá?

Ìdáhùn: Ewéko ní oje tó fi ń lé ajẹ̀fọ́ sẹ́yìn. Àwọn kòkòrò kan ti mọ́ra pẹ̀lú oje kan, ó sì ti di àmì oúnjẹ fún wọn. Lọ́dún 1910, Verschaffelt, onímọ̀ ewéko tó ń ṣiṣẹ́ ní Nẹ́dálándì, fi oje ìbátan kábéèjì pa ewé tí kòkòrò kábéèjì kì í jẹ. Wọ́n jẹ ẹ́.

Ìbéèrè: Ṣùgbọ́n níbo ni wọ́n ti wá?

Ìdáhùn: Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí jù. Kòkòrò ilá kì í jẹ ilá nìkan. Ó ń jẹ òwú, ó ń jẹ ìṣápá, ó sì ń jẹ àwọn ewéko ìgbẹ́ tó jẹ́ ẹbí ilá. Tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ n'Ìbàdàn, ẹ wo etí gọ́tà àti ilẹ̀ tí wọn ò tíì kọ́: igbó ti kún ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni tẹ̀tẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún ẹ̀bá ọ̀nà ṣe ń bọ́ kòkòrò tó ń ká ewé tẹ̀tẹ̀ inú ọgbà. Kò sí kòkòrò kan tó mọ ilé yín tẹ́lẹ̀. Púpọ̀ ló fò jáde, púpọ̀ ṣìnà, púpọ̀ kú lọ́nà. Àwọn tó dé nìkan lẹ rí. Fẹ́ǹsì ò sì dí afẹ́fẹ́ lọ́nà.

Ìbéèrè: Kí ni kí n wá ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ hú àwọn ẹbí ilá tó wà nítòsí. Ẹ má to ilá nìkan jọ. Ẹ fi ewéko mìíràn sí i láàárín, torí kòkòrò tó bá ń ṣèèṣì bà lé ewé tí kì í ṣe tirẹ̀, ó lè sú u, kó fò lọ. Mi ò gbà yín níyànjú láti sáré ra oògùn apakòkòrò fún ohun tí ẹ máa jẹ: ó ń pa aláǹtakùn tó ń bá yín dọdẹ wọn pẹ̀lú. Tó bá le jù, ẹ mú ewé tí wọ́n jẹ lọ sí NIHORT ní Ìdí-Iṣin. Ọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́ àti èso ni wọ́n ti ń ṣèwádìí níbẹ̀ láti 1975. Ẹ lè fi nẹ́ẹ̀tì tí ojú rẹ̀ kéré bo ilá látìgbà tó bá ti hù, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ iyẹ̀pẹ̀ inú àpò. Inú ilẹ̀, nídìí gbòǹgbò, lọmọ kòkòrò yìí ti ń dàgbà, abẹ́ nẹ́ẹ̀tì gan-an ni ì bá sì ti jáde.