Òkú Rẹ̀ Náà Ń Ta

Ẹ̀yin èèyàn wa tó ń ti Houston wá gbatẹ́gùn ní etíkun Padre Island, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ tèmi. Nọ́ọ̀sì pàjáwìrì ni mí. Bí atẹ́gùn bá ti ń fẹ́ láti ojú òkun wá sílẹ̀, kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi gbé ẹni tó gbé Glaucus atlanticus lé àtẹ́lẹwọ́ torí fọ́tò wá bá wa.

Ìgbín òkun tí kò ní ìkarahun ni. Ó rẹwà lóòótọ́: búlúù ni, kò ju nǹkan bíi 3 sẹ̀ǹtímítà lọ, ìka sì yọ lára rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Ṣùgbọ́n agbami ni ilé rẹ̀, kì í ṣe etíkun. Á gbé afẹ́fẹ́ mì, á wá dojú ikùn sókè, á máa léfòó. Àwọ̀ búlúù tó wà níkùn kì í jẹ́ kí ẹyẹ rí i. Ẹ̀yìn rẹ̀ tó rí bíi fàdákà kì í jẹ́ kí ẹja ìsàlẹ̀ rí i.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ tẹ́tí sí nìyí o. Oró tó fi ń tani kì í ṣe tirẹ̀. Physalia ló ń jẹ, ẹ̀dá olókùn gígùn tí oró rẹ̀ ń mú àgbàlagbà ké. Á jẹ ẹ́ tán, á ṣa abẹ́rẹ́ oró rẹ̀, á kó wọn sínú àpò tó wà ní ṣóńṣó ìka wọ̀nyẹn. Níbi tí wọ́n ti ṣù jọ pọ̀, oró wọn lè le ju ti Physalia fúnra rẹ̀ lọ. Bí ìgbín náà bá kú sórí iyanrìn, abẹ́rẹ́ kò bá a kú.

Bàbá kan sọ fún ọmọ rẹ̀ pé òkú kì í tani. Ọmọ gbé e, ọwọ́ wú. Wọ́n ní kí wọ́n tọ̀ sí i, wọ́n tọ̀ sí i! Ẹlòmíì fi iyanrìn bó o, abẹ́rẹ́ tí kò tíì bẹ́ wá ń bẹ́ sínú awọ ọmọ ọlọ́mọ. Ẹnì kan tún ní Olókun ló ń bínú, kí wọ́n kọ́kọ́ ṣètùtù. Ọmọ ọdún mẹ́fà, tó ń jẹ̀rora! Inú ṣì ń bí mi. Iṣẹ́ tí a kọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ẹni tó wá lúwẹ̀ẹ́ ń fi ẹnu lásán ṣe.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ìlú Guardamar del Segura ní Sípéènì ní kí ẹnikẹ́ni má wọ òkun, nítorí ìgbín yìí méjì péré tí wọ́n rí.

Bó bá ta yín, ẹ fi ẹ̀mú kékeré yọ èyí tó lẹ̀ mọ́ awọ, ẹ fi omi òkun ṣàn án, kẹ́ ẹ wá ki ojú ibẹ̀ bọ omi gbígbóná tí awọ lè gbà, nǹkan bíi 45 lórí òṣùwọ̀n Celsius, fún 20 ìṣẹ́jú. Àgbàlagbà ni kó kọ́kọ́ tọ́ omi náà wò. Bí èémí bá ń há a, tàbí tó ń bì, ẹ pe 911 lójú ẹsẹ̀.