Bí Ejò Ṣe Di Òògùn Nílẹ̀ Èkìtì

Kí oníṣègùn tó mọ ohun tó wà nínú ejò, ọdẹ ti mọ̀ ọ́n. Ilẹ̀ òkè àti àpáta ni Èkìtì, igbó rẹ̀ sì dí púpọ̀ láyé àwọn baba wa. Ìrè-Èkìtì ni ìtàn sọ pé Ògún ti wọlẹ̀, Ògún ló sì ni ọdẹ. Àwọn ọmọ Ògún wọ̀nyí ló ń bá ejò pàdé lóru. Wọ́n ń rí i bó ṣe ń gbé ẹran mì lódidi, bó ṣe ń bọ́ awọ sílẹ̀, bó ṣe ń sùn kalẹ̀ láìmira títí ohun tó fẹ́ jẹ yóò fi rìn dé ẹnu rẹ̀. Bí wọ́n bá sì pa á, àwọn náà ló ń la inú rẹ̀ wò.

Ohun tí ojú ọdẹ rí yìí ni òògùn ejò ti ṣẹ̀. Ẹ lọ bá lẹ́kùlẹ́jà ní Ọjà Ọba l'Ádó, ẹ mú ẹ̀yà ejò èyíkéyìí nínú igbá rẹ̀, kí ẹ bi í ohun tí wọ́n ń fi í ṣe. Ẹ óò rí i pé ìṣe ejò gan-an ni wọ́n fẹ́ gbé wọ ènìyàn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú erè. Erè kò lóró, fífún ló ń fún ẹran pa. Bí erè bá sanra, ọ̀rá funfun ló máa ń tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìfun rẹ̀. Eegun ẹ̀yìn rẹ̀ lé ní 300, síbẹ̀ ó ń ká ara rẹ̀ jọ bí okùn. Ta ni yóò rí èyí tí kò ní gbà pé ọ̀rá rẹ̀ yóò tú oríkèé tó gan? Bí àwọn tó ń to eegun ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ ọ̀rá erè nìyẹn, tí wọ́n ń fi wọ́ ibi tó rọ́ tàbí tó ṣẹ́, tí àwọn àgbà sì ń fi pa orúnkún tó ń dùn wọ́n. N kò jiyàn pé ara máa ń tu ẹni tí wọ́n bá wọ́. Ṣùgbọ́n èmi gbà pé ọwọ́ tó ń wọ́ni ló ni púpọ̀ nínú ìtura yẹn.

Erè tún ní iyì mìíràn. Ellis, ará Gẹ̀ẹ́sì kan, kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1894 pé àwọn Yorùbá ka erè sí ìránṣẹ́ Òṣùmàrè. Ẹranko tó bá ń jíṣẹ́ òrìṣà, òògùn ara ríro nìkan kọ́ ni wọn yóò fi ẹ̀yà rẹ̀ ṣe.

Awọ tí ejò bọ́ rọrùn láti rí, torí ẹni tó ń roko lè ṣàdédé bá a lórí koríko. Wọ́n ń gún un mọ́ ọṣẹ dúdú fún ẹni tí ara rẹ̀ ń bó tàbí tó ń yún, kí awọ tirẹ̀ náà lè di tuntun.

Ẹ̀yà ejò lásán kò tíì di òògùn lójú oníṣègùn. Ọ̀sanyìn ló ni ewé, ọfọ̀ ló sì ń jí ewé àti ẹ̀yà ẹranko dìde. Ohun tí ẹranko ń ṣe láìkùnà ni ọfọ̀ máa ń dì mú. Ejò kò lọ́wọ́, kò lẹ́sẹ̀, ó sì ń gun igi. Ẹni tó bá ti sọ èyí, tí kò sẹ́ni tó lè já a nírọ́, yóò wá fi pàṣẹ ohun tó ń fẹ́ kó ṣẹ. Ọgbọ́n ńlá ni mo ka èyí sí, nítorí ẹni tí kò bá wo ẹranko dáadáa kò lè pe ọfọ̀ rẹ̀.

Orí ejò ló le jù nínú gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn ojú ni àpò oró wà. Àwọn ọdẹ mọ̀ pé orí tí wọ́n ti gé sọ nù ṣì lè buni ṣán, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń rì í mọ́lẹ̀. Oníṣègùn ni kì í rì í. Yóò jó o pọ̀ mọ́ ewé di ẹ̀tù, yóò sín gbẹ́rẹ́ sọ́rùn ẹsẹ̀ àti ọrùn ọwọ́, yóò sì fi ẹ̀tù náà ra á. Àjẹsára nìyẹn: kí ejò tó bu ènìyàn ṣán, kí ara rẹ̀ ti mọ oró.

Àwọn baba wa nìkan kọ́ ló ronú báyìí. Andromachus, oníṣègùn Nero ọba Róòmù, fi ẹran paramọ́lẹ̀ sínú àpòpọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní theriac, Yúróòpù sì ń lò ó lòdì sí májèlé fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún. Nígbà tó di 1894, ní ilẹ̀ Faransé, Albert Calmette àti àwọn mìíràn fi hàn pé ìdajì èrò yìí tọ̀nà. Bí a bá ń fún ẹranko ní oró ejò díẹ̀díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò ní ohun tó ń ṣẹ́gun oró náà. Títí dòní, ẹ̀jẹ̀ ẹṣin ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe abẹ́rẹ́ oró ejò, ìyẹn abẹ́rẹ́ tó ń ṣẹ́gun oró náà lára ẹni tí ejò bu ṣán. Ibi tí ẹ̀tù tiwa ti kùnà ni iná: iná tó jó orí ejò ti ba oró inú rẹ̀ jẹ́, kò sí ohun tí ara yóò fi kọ́gbọ́n mọ́.

Ní ilẹ̀ Brazil, wọ́n kíyè sí i pé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ejò jararaca bá bu ṣán máa ń lọ sílẹ̀ lójijì. Ibẹ̀ ni wọ́n gbà dé captopril, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1981. Ìṣe ejò ni àwọn náà wò kí wọ́n tó ṣe oògùn, bí ọdẹ Èkìtì ti ṣe.

Ní 1930, ìsọjí tí wòlíì Kristẹni nì, Joseph Ayọ̀ Babalọlá, bẹ̀rẹ̀ ní Òkè-Ooye, Iléṣà, dé Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, àwọn ènìyàn sì ń ru òògùn wọn wá kí wọ́n dáná sun ún. Ọ̀pọ̀ ìmọ̀ bá eérú yẹn lọ. Òwò ẹ̀yà ejò kò kú o, ṣùgbọ́n igbó ti di oko kòkó, erè kò sì pọ̀ bíi ti àtẹ̀yìnwá mọ́. CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko igbó, ti wá fi òfin de títà á láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn láìgbàwé àṣẹ.

Ohun tó ń dùn mí jù ni gbẹ́rẹ́ tí wọ́n ń sín lẹ́yìn tí ejò ti bu ènìyàn ṣán. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé ejò ń pa ènìyàn tó 81,000 sí 138,000 lọ́dọọdún. Oró àwọn ejò kan kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ẹni tí a bá sì fi abẹ sín ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè máa dà láìdáwọ́ dúró. Ẹ má sín in, ẹ má fa á lẹ́nu, ẹ má fi okùn dè é pinpin. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ náà dúró sójú kan, kí ẹ gbé e lọ sí ọsibítù, kí ẹ sì sọ àwọ̀ ejò náà fún nọ́ọ̀sì. Wọn yóò fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sínú ìgò kékeré tó mọ́, wọn yóò gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20. Bí kò bá dì, abẹ́rẹ́ oró ejò ló kàn.