Kọ̀ǹpútà kò mọ ìgbà tí ẹ̀rọ yẹ̀

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í tán lẹ́nu àwọn tó ń fi ICP-MS, ẹ̀rọ tó ń fi iná gáàsì argon ka iye èròjà inú nǹkan, wọn òjé àti ásẹ́níìkì nínú omi, pàápàá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ tètè parí iṣẹ́ ìwádìí wọn: pé bí ẹ̀rọ bá tilẹ̀ ń yẹ̀ kúrò lórí ìwọ̀n lẹ́nu iṣẹ́, kò séwu, kọ̀ǹpútà yóò tún un ṣe tí iṣẹ́ bá parí. Ọ̀rọ̀ náà ń bí mi nínú, nítorí pé apá kan rẹ̀ jẹ́ òótọ́, apá kejì ló sì ń ba èsì jẹ́.

Pé ẹ̀rọ ń yẹ̀ kì í ṣe ohun àríyànjiyàn mọ́. Iyọ̀ inú omi ń lẹ̀ mọ́ etí ihò tín-ín-rín tí èròjà ń gbà wọlé láti inú iná gáàsì argon, yàrá ń móoru, rọ́bà tó ń fa omi ń dẹ̀, iye tí ẹ̀rọ ń kà sì ń lọ sílẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe ń wọn omi ìwọ̀n, ìyẹn omi tí a ti mọ iye òjé inú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, láàárín iṣẹ́.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò rò dé ìdí ni ohun tí kọ̀ǹpútà ń ṣe láàárín omi ìwọ̀n méjì. Ká ní omi kànga 19 ni a fẹ́ wọ̀n. Omi ìwọ̀n tó ní òjé máíkírógíráàmù 10 nínú lítà kan ka 10 ní ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ka 8 ní ìparí. Kọ̀ǹpútà fa ìlà tààrà láti orí èkíní dé orí èkejì, ó sì gbà pé nígbà tí ó kan omi kẹwàá, ìdá 90 nínú 100 ohun tó yẹ ni ẹ̀rọ ń kà. Bí ó bá wá jẹ́ pé ṣe ni ẹnu ibi tí ẹ̀rọ ti ń fọ́n omi dí díẹ̀ lójijì lẹ́yìn omi kẹrin ńkọ́? A jẹ́ pé ìdá 80 ni ẹ̀rọ ti ń kà láti ìgbà náà. Bí òjé inú omi kẹwàá bá jẹ́ 11, ẹ̀rọ yóò ka 8.8, kọ̀ǹpútà yóò fi 0.9 pín in, yóò sì kọ 9.8 sílẹ̀. Máíkírógíráàmù 10 nínú lítà kan ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ṣe òdiwọ̀n òjé nínú omi mímu, nítorí náà omi tí kò dára ti yege. Omi kẹta, tí ẹ̀rọ kà bó ṣe yẹ ní 9.8, ni kọ̀ǹpútà yóò sọ di 10.1, a ó sì ní kí àwọn tó ni ín má ṣe mu ún mọ́. Kò sí ohun kan nínú 10 àti 8 tó lè sọ fún wa ìgbà tí nǹkan yí padà.

Ìlànà 6020 ti EPA, àjọ tó ń bójú tó àyíká ní Amẹ́ríkà, kò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Lẹ́yìn omi mẹ́wàá mẹ́wàá, a gbọ́dọ̀ wọn omi ìwọ̀n, kò sì gbọdọ̀ fi ju ìdá 10 nínú 100 lọ yàtọ̀ sí iye rẹ̀. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, àtúnwọ̀n ni, fún gbogbo omi tí a ti wọ̀n láti ìgbà tí omi ìwọ̀n ti yege kẹ́yìn.

Àwọn kan yóò dáhùn pé internal standard, èròjà tí a ń pò ní iye kan náà mọ́ gbogbo omi, yóò mú irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Fún òjé, mo gbà díẹ̀, bí èròjà náà bá jẹ́ bismuth, tí ìwúwo átọ́ọ̀mù rẹ̀ sún mọ́ ti òjé, tí kò sì sí bismuth nínú omi náà tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń fi indium nìkan tún ásẹ́níìkì ṣe ń dá ara wọn lójú ju bó ṣe yẹ lọ. Agbára tí iná náà fi ń yọ ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan lára ásẹ́níìkì, kí ẹ̀rọ tó lè kà á, tó nǹkan bí 9.8 eV (eV ni ìwọ̀n irú agbára bẹ́ẹ̀), ti indium kò ju 5.8 lọ, nítorí náà bí ooru iná náà bá yí padà, ti ásẹ́níìkì lè lọ sílẹ̀ púpọ̀ nígbà tí indium fẹ́rẹ̀ẹ́ má mira.

Èyí tó burú jù ni ti ètò tí a fi wọn omi. Ẹni tó wọn gbogbo omi abúlé kan tán kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ti abúlé kejì ti so yíyẹ̀ ẹ̀rọ mọ́ ìyàtọ̀ abúlé méjèèjì, mi ò sì rí bí ìṣirò kankan ṣe lè tú wọn ká tán pátápátá lẹ́yìn iṣẹ́. Ó yẹ kí a ti da ètò wíwọ̀n wọn pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí omi abúlé méjèèjì máa wà láàárín ara wọn lórí ìlà.

Mi ò sọ pé àtúnṣe kò wúlò. Bí omi ìwọ̀n bá pọ̀ tó láàárín iṣẹ́, tí ó jọ omi tí à ń wọ̀n, tí ẹ̀rọ sì ń yẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ìlà tààrà tó fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́. Iye tí ó "pọ̀ tó" kì í ṣe ọ̀kan náà níbi gbogbo. Fún omi tó ní iyọ̀ púpọ̀, ó ṣeé ṣe kí mẹ́wàá mẹ́wàá gan-an jìnnà jù. Ẹ̀yin tí ẹ ń sanwó kí a bá yín wọn omi kànga, ẹ má ṣe gba èsì ìkẹyìn nìkan. Ẹ béèrè fún ètò tí wọ́n tẹ̀ lé láti orí omi àkọ́kọ́ dé èyí tó kẹ́yìn, pẹ̀lú gbogbo ohun tí omi ìwọ̀n kà láàárín wọn, kí kọ̀ǹpútà tó fọwọ́ kàn án.