Kò Sí Òkú Ọmọ Ogun Kankan Lábẹ́ Ọwọ̀n Ìrántí Lọ́kọ́ja

Láàárín àwa ará Òkun, láti Kàbà títí dé Ẹ̀gbẹ̀, kò ṣọ̀wọ́n kí ènìyàn gbọ́ pé àwọn ọmọ ogun tí orúkọ wọn wà lára ọwọ̀n ìrántí ogun àgbáyé tí ó wà ní Lọ́kọ́ja ni a sin sí abẹ́ rẹ̀. Ìgbàgbọ́ yìí ni ó ń mú kí àwọn kan máa kìlọ̀ fún ọmọdé pé kí ó má ṣe jókòó sí ẹsẹ̀ ọwọ̀n náà, òun náà ni ó sì ń mú kí àwọn mìíràn máa sọ pé Lọ́kọ́ja ni bàbá ńlá àwọn tí ó bá òyìnbó lọ sójú ogun sùn sí. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí òkú kankan lábẹ́ ọwọ̀n náà, àní nítorí pé òkú àwọn tí à ń rántí kò padà wálé ni a ṣe gbé e dúró.

Mi ò ní pe àwọn tí ó gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ ní aláìmọ̀kan, nítorí pé àṣà wa gan-an ni ó tì í lẹ́yìn. Iwájú ilé tàbí inú ọgbà ilé ni a máa ń sin àgbàlagbà sí. A ó fi sìmẹ́ǹtì kọ́ ojú oórì rẹ̀, a ó lẹ táìsì mọ́ ọn, a ó sì kọ orúkọ àti ọjọ́ ikú rẹ̀ sí i. Ẹni tí ó ti ń rí irú èyí láti kékeré, tí ó wá rí òkúta mìíràn tí orúkọ òkú wà lára rẹ̀, kò sí bí kò ṣe ní rò pé òkú ń bẹ nísàlẹ̀. Bákan náà, bí ẹnìkan bá kú sí ìdálẹ̀ tí gbígbé òkú rẹ̀ wálé kò sì ṣeé ṣe, àwọn àgbà a máa gé irun àti èékánná rẹ̀ wá sílé kí ẹbí lè rí nǹkan sin. Lójú irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀, ìrántí tí kò ní ohunkóhun lára òkú nínú kò tíì pé.

Ayẹyẹ ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Ṣẹ́rẹ́ tún wá fi kún un. Wọ́n á fọn fèrè ọ̀fọ̀, wọ́n á yin ìbọn, wọ́n á gbé òdòdó síwájú ọwọ̀n, wọ́n á sì tú ẹyẹlé sílẹ̀, bí ẹni pé ìsìnkú ni wọ́n ń ṣe. Àwọn oníròyìn a sì máa sọ pé gómìnà gbé òdòdó sí ibojì ọmọ ogun tí a kò mọ orúkọ rẹ̀. Ọjọ́ kọkànlá oṣù Bélú, ọjọ́ tí ogun àgbáyé kìíní dáwọ́ dúró ní 1918, ni Nàìjíríà ti ń ṣe ìrántí yìí tẹ́lẹ̀. Òpin ogun abẹ́lé ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1970 ni ó mú kí ìjọba yí ọjọ́ náà padà.

Ọ̀rọ̀ ibojì ọmọ ogun tí a kò mọ̀ yìí ni ó yẹ kí a tú wò dáadáa, nítorí pé ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn ènìyàn ń pè ní ọ̀kan. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Bélú ọdún 1920, nǹkan méjì ṣẹlẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní àárọ̀ kan náà. Ọba ṣí ọwọ̀n ńlá tí Edwin Lutyens yàwòrán rẹ̀ sí òpópónà Whitehall, èyí tí inú rẹ̀ ṣófo. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sin òkú ọmọ ogun kan, tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ rẹ̀, sínú ṣọ́ọ̀ṣì Westminster Abbey. Òkú wà nínú èkejì, kò sí nínú ti àkọ́kọ́. Ẹ̀yà ti àkọ́kọ́ ni ọwọ̀n Lọ́kọ́ja.

Níbo wá ni òkú àwọn ènìyàn wa wà? Láti 1915 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fòfin de gbígbé òkú ọmọ ogun padà sílé, ìbáà jẹ́ ọmọ olówó, ìbáà jẹ́ ọmọ tálákà. Ibi tí oníkálukú bá ṣubú sí ni wọ́n sin ín sí, bí wọ́n bá ráyè sin ín rárá. Àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà bá àwọn Jámánì jà ní Kamẹrúùnù láti 1914 sí 1916. Ní òpin 1916 wọ́n kó ọ̀pọ̀ wọn lọ sí Ìlà Oòrùn Áfíríkà, níbi tí wọ́n ti ja ìjà ọlọ́jọ́ mẹ́rin ní Mahiwa, ní gúúsù Tanzania òde òní, nínú oṣù Ọ̀wàrà 1917, tí ẹ̀mí púpọ̀ sì ṣòfò. Nígbà ogun Hítílà, wọ́n dé Ethiopia, lẹ́yìn náà wọ́n sọdá òkun lọ sí Bọ́mà, níbi tí wọ́n ti fẹsẹ̀ rin inú igbó àfonífojì Kaladan. Nínú oṣù Ẹrẹ́nà 1944 ni àwọn Jàpáànù dènà de àwọn kan nínú wọn lójú odò níbẹ̀. Isaac Fadoyebo, ọmọ Yorùbá láti agbègbè Ọ̀wọ̀, fara gbọgbẹ́ níbẹ̀, àwọn àgbẹ̀ abúlé ni wọ́n fi í pamọ́ tí wọ́n sì ń bọ́ ọ títí tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi padà débẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó kú kò bá a padà wálé. Ní Taukkyan, lẹ́yìn ìlú Rangoon, orúkọ àwọn tí ó kú ní Bọ́mà tí a kò rí ibojì wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 27,000, àwọn ọmọ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà sì wà lára wọn.

Ìtàn Lọ́kọ́ja fúnra rẹ̀ máa ń ru ọ̀rọ̀ náà pọ̀. Ibẹ̀ ni Lugard ti fa àsíá Gẹ̀ẹ́sì sókè ní ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1900, ibẹ̀ sì wà lára ibùdó àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ ọmọ ogun West African Frontier Force. Ibojì tòótọ́ sì wà nínú ìlú náà: itẹ́ òkú àwọn òyìnbó wà níbẹ̀, ti àwọn ẹ́míà tí ìjọba rọ̀ lóyè tí wọ́n sì lé wá síbẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ẹni tí ó bá rin gbogbo ibi wọ̀nyí ní ọjọ́ kan lè kó wọn pọ̀ mọ́ra. Àmọ́ àwọn tí a sin sínú itẹ́ wọ̀nyẹn kú sí Lọ́kọ́ja ni. Àwọn tí ọwọ̀n náà ń rántí kú sí ọ̀nà jíjìn.

Ìgbàgbọ́ kejì tọ ti àkọ́kọ́ yìí lẹ́yìn, òun ni ó sì dùn mí jù. Àwọn kan máa ń sọ pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí lára òkúta kò lọ sójú ogun, pé ìtàn tí ẹbí rẹ̀ ń pa kì í ṣe òótọ́. Àjọ tí ń bójú tó ibojì àwọn ọmọ ogun, Commonwealth War Graves Commission, èyí tí a dá sílẹ̀ ní 1917, ti ṣèlérí pé ẹ̀yà, ipò tàbí ẹ̀sìn kò ní fa ìyàtọ̀ nínú bí a ó ṣe rántí ẹnikẹ́ni. Wọn kò mú ìlérí náà ṣẹ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ní 1923, Guggisberg, gómìnà Gold Coast tí à ń pè ní Gánà lónìí, sọ pé ọmọ ìbílẹ̀ lásán níbẹ̀ kò ní mọ ìtumọ̀ òkúta orí ibojì, kò sì ní mọ rírì rẹ̀. Kí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ẹnu aláṣẹ jáde nípa àwọn ènìyàn tí ó ń fi ọlá ńlá sin òkú wọn bí àwa náà ṣe ń ṣe burú gidigidi. Ní 2021, àjọ náà fúnra rẹ̀ gbé ìwádìí jáde, ó sì tọrọ àforíjì: ó kéré tán, ènìyàn 116,000 tí ó kú nínú ogun àgbáyé kìíní, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ará Ìlà Oòrùn Áfíríkà àti Íjíbítì, ni a kò kọ orúkọ wọn síbì kankan, wọ́n sì lè tó 350,000. Àwọn tí ó ru ẹrù ogun ni ìwà yìí kàn jù, bẹ́ẹ̀ sì ni àìsàn àti ebi pa wọ́n ju ìbọn lọ.

Àtúnṣe ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2025, wọ́n ṣí ibi ìrántí kan nínú ọgbà ìgbafẹ́ Company's Garden ní Cape Town fún àwọn ọmọ South Africa 1,772 tí wọ́n gbàgbé láti ogun àgbáyé kìíní. Òpó igi ìrókò kọ̀ọ̀kan ni ó dúró fún ẹnìkọ̀ọ̀kan, orúkọ rẹ̀ sì wà lára rẹ̀. Kò sí òkú lábẹ́ àwọn òpó wọ̀nyẹn náà.

Ẹbí tí ó bá fẹ́ mọ ibi tí ènìyàn wọn wà gan-an lè wá orúkọ rẹ̀ nínú ìwé àkọsílẹ̀ àjọ náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì láìsan kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má ṣe wá orúkọ ìdílé nìkan. Àwọn akọ̀wé ológun a máa kọ orúkọ tí ọmọkùnrin náà bá pe ara rẹ̀, wọn a sì fi orúkọ ìlú rẹ̀ ṣe orúkọ ìkejì, bí wọ́n bá ṣe gbọ́ ọ létí. Nítorí náà, ó yẹ kí a wo Kabba, Isanlu tàbí Egbe ní àyè orúkọ ìdílé, kí a sì yí bí a ṣe kọ lẹ́tà rẹ̀ padà lóríṣiríṣi. Bí àmì ẹ̀yẹ ogun àgbáyé kìíní bá ṣì wà nínú àpótí ẹbí, kí wọ́n wo etí rẹ̀ yípo, nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n máa ń fín nọ́ńbà, orúkọ àti ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí ó ni ín sí, nọ́ńbà yẹn ni yóò sì fi í hàn yàtọ̀ sí gbogbo àwọn tí wọ́n jọ ń jẹ́ orúkọ kan náà.